Ojú Wo Ni Wọ́n Fi Ń Wò Ọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́?

Ní Pobè, ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ kan wà tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní 1922. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní lábẹ́ INRAB, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin, irúgbìn ọ̀pẹ tó sì ti ibẹ̀ jáde ti dé oko púpọ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀pẹ tó dára níbẹ̀ ló wù mí jù. Wọn kì í fi ojú lásán yàn án. Ọ̀pẹ lè ga, kí imọ̀ rẹ̀ tutù minimini, kí epo má sì pọ̀ nínú ẹyìn rẹ̀. Nítorí náà wọ́n á fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n á máa ka ìdì ẹyìn rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún á sì máa gorí ọdún. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọ̀pẹ tó yẹ láti fi ṣe òbí, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa gbìn, tí wọ́n á sì wọ̀n, kí wọ́n tó dájọ́ fún ìyá àti bàbá. Ó lè gbà wọ́n ní ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ènìyàn kì í rí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ní mẹ́rì Sakété, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó wà létí títì, ojú, ìrántí àti ẹnu ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni. Díẹ̀ ni ojú ń rí, ìrántí a máa gbàgbé, ẹnu sì máa ń yan ohun tó fẹ́ sọ. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè máa rò pé òun ni ààyò ọ̀gá, kí wọ́n sì ti máa wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa bínú pé wọn kò ka òun sí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí kò bá wá, gbogbo iṣẹ́ ni yóò dàrú. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn ẹlẹ́ni yẹn ṣe ń rí i, ìdí tí wọn kì í fi í sọ ohun tí wọ́n rí, àti ibi tó yẹ kí a wò kí a lè mọ̀ ọ́n.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹni ṣe ni ẹni ń rántí jù. Ní 1979, Michael Ross àti Fiore Sicoly, àwọn onímọ̀ nípa èrò ọkàn ní Kánádà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn tọkọtaya pé nínú iṣẹ́ ilé, mélòó ni ìpín kálukú wọn. Nígbà tí wọ́n ro ìpín ọkọ pọ̀ mọ́ ti ìyàwó, ó sábà máa ń ju odindi iṣẹ́ náà lọ. Wọn kò purọ́. Kálukú rántí ọjọ́ tí òun gbálẹ̀, kò rántí ọjọ́ tí ẹnì kejì gbá a. Bó ṣe rí ní búrò náà nìyẹn. Akọ̀wé rántí ọ̀sán gangan tó fi gun ọ̀kadà láti Sakété lọ sí Pobè nítorí ìwé kan ṣoṣo tí wọn kò tíì fọwọ́ sí. Ẹni tó ń ṣètò owó rántí alẹ́ tí kò sùn nítorí ìṣirò tí kò bára mu. Kò sí ẹni tó rí ti ẹnì kejì. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé wọn kò mọ rírì rẹ, yọ díẹ̀ kúrò lára ìbínú náà ná, nítorí pé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn tó ń wò wá. Ní 1920, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Edward Thorndike, yẹ ìwé wò níbi tí àwọn ọ̀gá ológun ti fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì lórí ìrísí ara, làákàyè, bí wọ́n ṣe lè darí ènìyàn, àti ìwà. Ó rí i pé máàkì wọ̀nyí ń bára wọn rìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, wọ́n á sọ pé ọlọ́gbọ́n ni pẹ̀lú. Ohun kan péré tó wu ojú ló ń kun gbogbo ìyókù.

Ní ìlú tiwa, ohun tó kọ́kọ́ ń kun ojú ni ìkíni. Ní Pobè àti Sakété, òṣìṣẹ́ tó bá wọlé láàárọ̀ tí kò kí àgbà dáadáa ti fi iṣẹ́ ọjọ́ náà wọ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kan bírò. Èmi kò gbà pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹni tó wà nídìí tábìlì tí ìyá arúgbó ti ń gba ìwé ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ìkíni jẹ́ ara iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ìkíni bá di gbogbo iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó mọ ènìyàn kí dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò fi wo fáìlì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo sì ti rí ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí fáìlì rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ, tí wọ́n ń sọ pé ó gbéra ga. Àwọn méjèèjì kò mọ ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Ohun kejì tí ń kun ojú níhìn-ín ni ilé tí ènìyàn ti wá. Kó o tó dé, orúkọ rẹ ti ṣíwájú. Wọ́n á béèrè pé ọmọ ta ni, agboolé wo. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń san gbèsè rẹ̀, ọ̀gá lè fi àpótí owó sílẹ̀ fún ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí àbúrò bàbá rẹ bá ti jẹ owó ẹgbẹ́ rí, wọ́n á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ, láìjẹ́ pé o ṣẹ̀ wọ́n. Ó yàtọ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ní Onigbolo, ní agbègbè Pobè, ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì wà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ kì í dákẹ́, ìwé ni wọ́n ń wò: aago wo lo dé, ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìgbà wo lo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí ilé iṣẹ́ kékeré láàárín ìlú máa ń ṣìnà, ẹni tó ti ìlú lọ síbẹ̀ náà sì máa ń ṣìnà. Ọ̀kan ń retí kí wọ́n wo ìwé, èkejì ń retí kí wọ́n wo ìdílé.

Kí ló dé tí ọ̀gá kò kúkú sọ fún ọ? Ní 1970, Sidney Rosen àti Abraham Tesser fi ìwádìí hàn ní Amẹ́ríkà pé ọ̀rọ̀ búburú máa ń lọ́ra lẹ́nu ènìyàn. Ẹni tó ní ìròyìn rere máa ń tètè fi jíṣẹ́, ẹni tó ní ti ibi máa ń fà á sẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ lè má rí ara wọn mọ́ títí di ọjọ́ Ajé. Ní Sakété, ẹ̀yin méjèèjì lè jọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, tàbí kẹ́ ẹ jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan ìyá rẹ. Ta ni yóò pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ kó sọ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ kò dára, kó tó di pé ẹ tún pàdé níbi ìsìnkú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Ohun tó máa ń ṣe ni kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ: "Ẹ bá mi bá àbúrò yín sọ̀rọ̀." Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n á kàn yà sí ọ lálẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa bí iṣẹ́ ṣe ṣòroó rí, àti bí ó ṣe dára kéèyàn máa tètè dé.

Ọ̀pọ̀ ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí bí ìmọ̀ràn ẹbí lásán. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí àgbà inú ẹbí tí kò bi ọ́ nípa iṣẹ́ rí bá déédéé dárúkọ àléébù kan pàtó, ilé iṣẹ́ ló ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Má bi í pé ta ló rán an, kò ní sọ. Tún ohun náà ṣe.

Ó tún ku ìṣòro kan. David Kenny àti Bella DePaulo kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1993, wọ́n sì rí i pé ènìyàn máa ń mọ, dé àyè kan, bí àwọn ará yòókù lápapọ̀ ṣe ń wo òun. Ohun tí kì í sábà mọ̀ ni ẹni tó ń wo òun báyìí àti ẹni tó ń wo òun bọ́hùn-ún. Ìdí ni pé èrò tí a ní nípa ara wa la máa ń gbé wọ àwọn ẹlòmíràn lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ á rò pé gbogbo ilé iṣẹ́ fẹ́ràn òun, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á sì rí ìkórìíra nínú ojú ọ̀gá tó jẹ́ pé eyín ló ń dùn ún. Nítorí náà, kíka ojú ọ̀gá kan láti mọ èrò ọ̀gá náà jẹ́ ọ̀nà tó burú jù lọ, òun náà sì ni gbogbo wa ń lò.

Owó oṣù náà ń ṣini lọ́nà. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Benin, ìpele A, B, C tàbí D tí ìwé ẹ̀rí gbé e sí, àti iye ọdún tó ti lò, ló ń sọ owó rẹ̀. Òfin àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2017 ló ṣètò rẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀gá mẹ́rì ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, SMIG, owó tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san, kúrò ní 40,000 sẹ́fà, ó di 52,000 láti oṣù Kìn-ín-ní 2023. Ẹni tí owó rẹ̀ sún sókè lọ́jọ́ náà kò gba oríyìn, òfin ló gbé e.

Ìwé àdéhùn pẹ̀lú nílò àlàyé, nítorí ó ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́kàn jẹ́. Tẹ́lẹ̀, lábẹ́ òfin iṣẹ́ ti 1998, àdéhùn oní-gbèdéke ní ààlà, wọn kò lè máa tún un ṣe láìlópin. Òfin ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2017 yí i padà: wọ́n lè máa tún àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe lọ láìní iye. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní AME, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti 2019, náà wọlé pẹ̀lú àdéhùn ọdún ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá tún ìwé rẹ ṣe fún ìgbà kẹrin, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ayérayé ti sún mọ́lé. Bí wọn kò bá sì sọ ọ́ di ti ayérayé, kò túmọ̀ sí pé wọ́n kórìíra rẹ. Ọ̀rọ̀ òfin ni, má ṣe gbé e wọ inú ọkàn rẹ bí ìdájọ́ lórí ẹni tí o jẹ́.

Níbo wá ni kéèyàn wò? Ohun tí mo rò, tí mo sì dúró lé lórí, ni pé ohun tí wọ́n ń fi sí ọ lọ́wọ́ ni kó o máa wò. Wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa gbálẹ̀, á máa pọn omi, á máa lọ aṣọ. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gán bọ́tìnnì, á máa ṣẹ́ ìṣẹ́tí. Ó máa ń pẹ́ kí ọ̀gá tó fún un ní sísọ́ọ̀sì, torí pé aṣọ tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé dá padà, oníbàárà ló sì ni ín. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní kó o gé léèsì tí obìnrin kan fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì gba ọjà lọ láìdúró wò ọ́, ó ti sọ iye tí o jẹ́ lójú rẹ̀. Ó lè ti pè ọ́ ní ọ̀lẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí tó fi sí ọ lọ́wọ́ ni kó o gbà gbọ́.

Ní búrò, kọ́kọ́rọ́ ni sísọ́ọ̀sì. Ta ni wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún? Ta ni wọ́n ń rán lọ bá àwọn àlejò láti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu? Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ẹ̀gbẹ́ ta ni wọ́n ní kó jókòó sí kó lè kọ́ iṣẹ́? Bí ọ̀rọ̀ bá le, ta ni ọ̀gá máa ń wò kó tó dáhùn? Bí ara rẹ kò bá yá fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé wọ́n pín iṣẹ́ rẹ láìmira ni, àbí wọ́n kó o jọ dè ọ́? Ìkẹyìn yìí nílò ìṣọ́ra. Iṣẹ́ tí wọ́n kó jọ dè ọ́ lè fi hàn pé o níye lórí, ó sì lè fi hàn pé o kò kọ́ ẹnikẹ́ni, tí ọ̀gá sì ń bẹ̀rù rẹ. Ìbẹ̀rù kì í ṣe iyì. Ẹni tí wọ́n bẹ̀rù ni wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá arọ́pò fún.

Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀nà yìí kò gbè, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí o bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tí ojú máa rí. Pobè ní ilé ìwòsàn fún egbò Búrúlì, tí wọ́n ṣí ní 2003 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Fondation Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé. Òògùn nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, egbò mìíràn sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa kó tó jinná. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnì kan ní láti ṣí egbò, kó fọ̀ ọ́, kó tún un dì. Bí apá ọmọ bá yè tó sì ń nà, àwọn ènìyàn á yin dókítà. Ọwọ́ tó ń di egbò kò ní sí nínú ìtàn náà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà níbi ìwòsàn ni o, ìwé kíkọ ni o, tàbí ìmọ́tótó, kò lè dúró de ojú. Ó ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìwé kékeré kan: ọjọ́, ohun tó ṣe, ohun tó yọrí sí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdíyelé rẹ̀ níparí ọdún, kó ní ohun tó máa gbé kalẹ̀, torí pé oṣù méjì tó kẹ́yìn nìkan ni ọ̀gá máa rántí.

Ó sì ku bíbéèrè. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, àwọn tó sì ń béèrè máa ń béèrè ohun tó gbòòrò jù: "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe rí mi?" Kò sí ìdáhùn sí ìyẹn ju "O ń gbìyànjú" lọ. Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ìwádìí tó pọ̀ jọ ní 1996 lórí sísọ fún ènìyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Lápapọ̀, ó ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ tún burú sí i. Àlàyé wọn ni pé ọ̀rọ̀ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó lọ bá ẹni tí ènìyàn jẹ́, òun ló ń pani lára. Béèrè nípa iṣẹ́, má béèrè nípa ara rẹ. Wá àkókò tí ọwọ́ ọ̀gá dilẹ̀, má ṣe yan ọjọ́ owó oṣù, kí ó má baà rò pé owó lo wá bá. Ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, Herbert Meyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ láti 1965 pé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ àtúnṣe iṣẹ́ kò yẹ kó jókòó sórí tábìlì kan náà. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kó o wá sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé àwọn ọlọ́jà tí mo kọ lóṣù tó kọjá, ohun kan wo lẹ bá fẹ́ kí n ṣe yàtọ̀ níbẹ̀?" Ọ̀gá tí kò ní lè sọ fún ọ pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè sọ pé, "Orúkọ àwọn ìyálọ́jà kò tò dáadáa, mo máa ń wá a pẹ́." O ti gbọ́ ohun tí o wá gbọ́. Dúpẹ́, má ṣe àwíjàre, tún un ṣe, kó o sì fi èyí tí o tún ṣe hàn án.

Bó o bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, rántí pé ìwé tí òfin Benin ní kí wọ́n fún ọ ní ìparí iṣẹ́, certificat de travail, ọjọ́ tí o wọlé, ọjọ́ tí o jáde àti irú iṣẹ́ tí o ṣe ló ń sọ. Kò sọ bí o ṣe ṣe é. Ìwé tó ń sọ ìyẹn, ìwọ ló máa béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ìrántí tó tutù. Fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, ìdánwò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, CQM, ṣe pàtàkì fún ìdí kan náà: ó jẹ́ kí ojú mìíràn, yàtọ̀ sí ti ọ̀gá kan ṣoṣo, wo iṣẹ́ rẹ, kí ìwé sì wà tí wọ́n lè kà ní ìlú tí wọn kò ti mọ bàbá rẹ.

Ẹ̀yin ọ̀gá ni mo bẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní mẹ́rì, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń dágbére kí ẹ tó sọ ohun tó ṣe dáadáa. Bí àléébù bá wà, ẹ pe ọmọ náà fúnra yín, ẹ sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, ẹ sọ iṣẹ́ tó bàjẹ́ àti bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Ẹ má rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i mọ́.